Mẹ́fà Ló Jáde, Méjì Ló Kù Nílé

                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 88,
                                        Mochudi,
                                        Botswana.
                                        21 Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Oratile, ẹnì kejì mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, àti bàbá wọn? Ẹsẹ̀ ìyá yín tó wú nígbà tí ẹ jọ wá síbi ìsìnkú, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Ẹ kú ooru Maun o, ẹ kú eruku, ẹ kú ìfaradà ẹ̀fọn. Tiwa níbí, ẹ̀fúùfù ló ṣì ń da iyanrìn sínú ìkòkò èèyàn, òjò ò sì tíì rántí wa. Bí o bá ń bi mí bóyá ara mi le, ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mi ò ní ni ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ tí kò ní máa wo aṣọ ọrùn mi.

Má bínú pé lẹ́tà rẹ méjì ló wà lórí tábìlì mi tí mi ò fèsì. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Àyè ló pọ̀ jù nílé yìí. Ìwọ lo sọ mí ní Rédíò nígbà tí a jọ wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, o ní ẹnu mi kì í sinmi àfi tí mo bá sùn, àti pé nígbà mìíràn mo ṣì máa ń bá a lọ lójú oorun. Tóò, bátìrì Rédíò ti lọ sílẹ̀. Mo lè jí láàárọ̀ Sátidé, kí n gbálẹ̀, kí n fọṣọ, kí n ro ọkà bogobe mi, kí n jẹ ẹ́ tán, kí oòrùn sì wọ̀ láìjẹ́ pé mo la ẹnu bá ẹ̀dá alààyè kan sọ̀rọ̀, àfi ewúrẹ́ aládùúgbò tó máa ń wá jẹ òdòdó mi. Òun ni mo máa ń bú.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe opó níbí, mi ò ní máa kọ́ ẹ bí ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n ká mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ká wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mò ń gbà. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́dọ̀ ti wà nílé. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́, òkèèrè ni wọ́n ti ń kí mi. Ní yàrá àwọn tíṣà, wọ́n gbé àga mi sí igun, kò sì sí ẹni tó ń jókòó lé e nígbà tí mo bá wà ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó ní kí n má fi ife tó wà nílẹ̀ mu tíì o. Wọ́n kàn ra tuntun fún mi ni, aláwọ̀ búlúù, wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé ẹ̀bùn mi lọ sórí fèrèsé, ibẹ̀ ló wà dòní.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Tshenolo. Bí a ṣe sin Moatlhodi ọkọ mi tán ni wọ́n kó ọmọ náà lọ sílé Ìyá Sethunya, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ní ohùn bí agogo iléèwé. Wọ́n ní ara opó máa ń gbóná, wọn ò fẹ́ kí ooru náà ran ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Oratile. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ dúró ní ẹnu géètì wọn, òun á jáde wá, a ó máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ bí ẹni tó pàdé níbùdókọ̀. Ẹlòmíì á sì wà nítòsí tí á máa ṣe bí ẹni pé òun ń ṣa ẹ̀fọ́.

Ìwọ náà á bi mí pé, ṣé inú ọdún ọ̀fọ̀ ni wọ́n wá rí tọrọ ọmọ. Moatlhodi fúnra rẹ̀ ló mú oṣù náà fún àwọn àna kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí olóògbé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, àwọn ò ní yí i. Tiro lorúkọ ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, ará Lobatse ni, ó níwà pẹ̀lẹ́, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. Ẹjọ́ tèmi ni ti patlo gan-an, ọjọ́ ìtọrọ. O ṣáà mọ̀ pé ní patlo, àwọn obìnrin ilé ìyàwó á jókòó sórí ẹní, wọ́n á gba àwọn obìnrin ilé ọkọ, wọ́n á sì pe ọmọ jáde láti gbà á nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ọkọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Nínú àgbàlá mi ni wọ́n máa ṣe é, lójú ilẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, lórí ọmọ tí mo fi inú ara mi bí, èmi ò sì gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Sethunya. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ náà ṣáájú àkókò, kí n lè jókòó pẹ̀lú wọn, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Wọ́n ń mu wàrà kíkan lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbé igbá sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Tshenolo, ara rẹ ṣì gbóná. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ gbé ooru ikú lọ sílé ọkọ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ bá a sọ kó tó lọ."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣé àwa ò lẹ́nu ni? Sọ ọ́ fún mi, màá bá ẹ sọ fún un."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rán èèyàn."

"Ó dáa nígbà náà," ni wọ́n wí. "Gbé e mì." Wọ́n gbé igbá wàrà sẹ́nu padà. Mo rìn bọ̀ wálé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mò ń gbé e mì, kò lọ.

Wàyí o, mo mọ̀ pé o kórìíra ìṣirò. Mo ṣì rántí bí o ṣe sunkún nínú ìdánwò ìparí tí o ní nọ́ńbà ló ń wò ẹ́ níwòkuwò. Ṣùgbọ́n fara dà á fún mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, inú ìṣirò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú patlo náà, títò àti yíyàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìparí. Títò ni pé ta ló ṣáájú, ta ló tẹ̀lé e. Bí èèyàn mẹ́fà bá fẹ́ jókòó sórí àga mẹ́fà, ẹni mẹ́fà ló tọ́ sí àga àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá ti jókòó, ó ku márùn-ún fún àga kejì, mẹ́rin fún ìkẹta, títí yóò fi ku ẹyọ ẹnì kan fún àga ìkẹyìn. Wàá sọ gbogbo wọn di púpọ̀, mẹ́fà lọ́nà márùn-ún lọ́nà mẹ́rin títí dé ọ̀kan, yóò sì fún ẹ ní 720. Mo kọ ọ́ tán, mo yíjú padà, mo rí ọwọ́ Gofaone lókè. Ọmọ yìí, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ìbéèrè lórí màlúù mẹ́wàá, á kọ́kọ́ bi ẹ́ pé màlúù ta ni.

Ó ní, "Mà, nílé tiwa, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà jókòó."

"Báwo?"

"Àgbà ló ń kọ́kọ́ jókòó, mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú kíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ inú yíyàn. Yíyàn ò bìkítà ta ló ṣáájú. Ta ló wọlé, ta ni kò wọlé, ìyẹn nìkan ló mọ̀. Ó yẹ kí n kọ lẹ́tà A, B, D sójú pátákó bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo kọ ọ́ pé obìnrin mẹ́jọ ló wà nínú ilé kan, wọ́n fẹ́ yan mẹ́fà tó máa jókòó gba àwọn àna, ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà yàn wọ́n. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí to àwọn mẹ́jọ náà: ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, àwọn ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ mẹ́rin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ dúró, ọwọ́ mi ò dúró. Mo kọ ìyá ìyàwó sí i, mo kọ ìyàwó fúnra rẹ̀ sí i. Ó wù mí kí n rí ara mi láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì lásán ni.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé patlo ń bọ̀ nílé wa, nítorí náà gbogbo kíláàsì mọ ilé tí mò ń sọ.

Mo fi ọ̀nà àbùjá hàn wọ́n. Mo ní dípò kí ẹ máa wàhálà láti yan mẹ́fà tó ń jáde, ẹ yan méjì tó máa kù nínú ilé, iye ọ̀nà kan náà ni ẹ máa bá. Ẹni mẹ́jọ ló lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó kù, ẹni méje ló lè jẹ́ ìkejì, ìyẹn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ, ìwọ àti èmi, àwa méjì náà ni, nítorí náà ẹ fi méjì pín in, ó di méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo tún bi wọ́n pé, tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi ojú dídì yàn wọ́n ni, kí ni ìṣeéṣe pé obìnrin kan nínú wọn máa bọ́ sí àárín àwọn tó jáde. Wọ́n ní mẹ́fà nínú mẹ́jọ. Mo ní ẹ gé e kúrú, wọ́n ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oratile, mo dúró síwájú pátákó yẹn, mò ń wo mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó dùn mọ́ mi bí ẹni pé ẹnì kan ti pè mí pé kí n máa bọ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe sínú ìwé fúnra wọn, kí wọ́n kó o wá. Gbogbo wọn kọ méjìdínlọ́gbọ̀n, kódà àwọn tó wo ti ẹgbẹ́ wọn. Gofaone nìkan ló kọ ọ̀kan.

Mo pè é dìde lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Gofaone, níbo lo ti rí ọ̀kan?"

Ó ní, "Mà, mẹ́jọ ni wọ́n. Méjì nínú wọn ò lè jókòó síbẹ̀. Ó ku mẹ́fà. Kéèyàn yan mẹ́fà nínú mẹ́fà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ gbọ́ lọ́yà wa!" Òmíràn ní, "Gofaone, ìwọ ni wọ́n á rán lọ tọrọ ìyàwó fún gbogbo wa." Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bínú.

"Ta ni ò lè jókòó síbẹ̀?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ìyá ìyàwó wà nínú ọ̀fọ̀, mà."

Ó ṣì la ẹnu, ó fẹ́ dárúkọ ẹnì kejì, mo ní kó jókòó. Mo ní ìṣirò kì í wọ aṣọ dúdú. Mo mú bírò pupa, mo fa igi àgbélébùú ńlá sórí ọ̀kan rẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí agogo lù, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé ìwé títí gbogbo wọn fi lọ tán, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Nínú méjìdínlọ́gbọ̀n ọ̀nà tó wà lójú pátákó, mo wà nínú mọ́kànlélógún. Nínú ọ̀kan tí ọmọ yẹn kọ, mi ò sí níbì kankan.

Ọjọ́ pé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ìyá Sethunya ti wà lágbàálá mi, wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gún ẹran seswaa, wọ́n ń pàṣẹ fún iná, wọ́n ń pàṣẹ fún afẹ́fẹ́. Wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wò mí lójú. Wọ́n ní, "Wọ yàrá rẹ, Ìyá Tshenolo. Fa kọ́tìnnì. A ó gbé tíì wá fún ẹ." Mo wọlé. Mo jókòó sórí ibùsùn tí èmi àti Moatlhodi jọ sùn lé, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ.

Mo gbọ́ tí àwọn àna dé géètì, tí wọ́n ń ké "Ko ko!" Mo gbọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹní. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin wa bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níkọ̀ọ̀kan, àgbà ló ṣáájú gẹ́gẹ́ bí Gofaone ṣe wí, mo sì ń kà wọ́n títí mo fi ka mẹ́fà. Kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù, Oratile. Mo rò pé bí mi ò bá sí níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ pé ohùn kan ò sí. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni ìlẹ̀kùn yàrá mi ṣí. Tshenolo ló wọlé, ó fi ìborùn bo orí, Ìyá Sethunya wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń tì í léjìká. Wọ́n ní, "Jókòó síbẹ̀. Ìyàwó kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. Yàrá kejì ti kún fún ìkòkò àti àpò ìyẹ̀fun, kò sí ibi tí mo lè gbé ẹ sí. Dúró títí màá fi wá mú ẹ." Wọ́n fa ìlẹ̀kùn dé.

A ń wo ara wa. Ó dúró nídìí ìlẹ̀kùn, èmi wà lórí ibùsùn, bí àwa méjì ṣe máa ń dúró ní géètì yẹn lọ́jọ́ Àìkú. Lójijì ni ìwé Gofaone sọ sí mi lọ́kàn. Méjì ò lè jókòó síbẹ̀. Méjì ló wí! Ìbínú ò jẹ́ kí n gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kejì tí mo ní kó má dárúkọ ló dúró níwájú mi yìí. Ẹ̀rín gbé mi. Mo ki ìborùn mi bọ ẹnu, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀rín opó nínú ilé ìtọrọ, wàhálà dé nìyẹn.

Tshenolo ní, "Màmá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Mo sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́: ti pátákó, ti obìnrin mẹ́jọ, ti ọmọ tó kọ ọ̀kan. Mo ní, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yan àwọn tó máa jáde, wọ́n ti yan àwọn tó máa kù nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ́ ọ lọ́dọọdún, mi ò fi etí ara mi gbọ́ ọ rí.

O rántí bí èmi àti ọmọ yìí ṣe máa ń jà lórí ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìṣirò yín máa ṣe mí lóore." Ó sì gbá mi lọ́wọ́ mú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi yọ, mo ní ọmọ mi, ooru, àmọ́ kò jẹ́ kí n fà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín ò gbóná. Ó tutù."

Ẹkún wá gba ibi tí ẹ̀rín wà. Òun náà ń sunkún. Ó bi mí bóyá ilé ọkọ náà máa dáa. Mo ní mi ò mọ̀, ìṣeéṣe tìyẹn ò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ sínú láti oṣù yìí wá, tí mo ti há sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Mo ní, "Bí o bá ń bínú sí ọkọ rẹ, má ṣe rán ọmọ ẹlòmíì pé kó gbé oúnjẹ fún un. Gbé e fún un fúnra rẹ. Èmi àti bàbá rẹ jà dáadáa, ìwọ náà gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí abọ́ rẹ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá." Ó ní òun gbọ́. Lẹ́yìn náà, a kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ejìká rẹ̀ lára tèmi. Àwọn àna ń sọ̀rọ̀ wọn lóde, wọ́n ń sọ ọ́ gùn, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Ìyá Sethunya wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí kì í kan ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láyé. Wọ́n mú un jáde. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo gbọ́ tí àwọn mẹ́fà ń gbà á nímọ̀ràn: má ṣe báyìí, máa ṣe báyìí, ilé ọkọ kì í ṣe ilé ìyá ẹni. Mi ò fi taratara gbọ́ wọn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké ìké ayọ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ ti di ti ilé onílé. Mo jókòó padà. Yàrá náà wá tóbi gan-an.

Nígbà tí àlejò lọ tán, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fọ abọ́, mo jáde láti wá ìgbálẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá kejì, ibi tí Tshenolo ń sùn nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Oratile, òfìfo ni. Kò sí ìkòkò, kò sí àpò ìyẹ̀fun, kò sí ṣíbí kan ṣoṣo nílẹ̀. Wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìyàwó, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Mo yíjú sí àgbàlá, mo rí Ìyá Sethunya tí wọ́n ń bá ẹnì kan jà lórí ìdérí ìkòkò. Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Ti ìlẹ̀kùn, iyanrìn ń wọlé." Mo ti ìlẹ̀kùn. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, wọn ò sì sọ nǹkan kan fún mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe Gofaone lẹ́yìn kíláàsì, mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Mo ti fi bírò kan náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú yẹn pé òótọ́ lo sọ. Mo ní síbẹ̀, bó bá di inú ìdánwò, méjìdínlọ́gbọ̀n ni kó kọ, nítorí àwọn tó ń máàkì ò mọ ilé wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

Ó ní, "Mà, àwọn méjì tó kù nílé yẹn, ṣé ibì kan náà ni wọ́n wà?"

Mo ní, "Ibì kan náà ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," bí ẹni pé òun ni mo ṣe lóore, ó sì lọ.

Báyìí, Tshenolo ti wà ní Lobatse. Ilé dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ Ìyá Sethunya, ó kéré tán, géètì kan wà tí mo lè lọ dúró sí. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ẹ pé inú mi ti dùn nítorí òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo ṣì ń bá ewúrẹ́ jà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí mo bá ń da tíì sínú ife búlúù mi, mo máa ń fi ọwọ́ mi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi láti mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Kí ìyá yín fún mi, ní kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ yẹn sórí àpótí tí wọ́n bá jókòó. Kí àwọn ọmọ, sọ fún èyí tó ń kórìíra ìṣirò bíi tìẹ pé màá wá bá a jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bọ́ aṣọ yìí lọ́rùn mi. Ìyá Sethunya ní lọ́jọ́ yẹn, kí n yan ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi tó máa jókòó tì mí, kí n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Nínú ọ̀rẹ́ kan, kéèyàn yan ọ̀rẹ́ kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Mo ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ó di òfo.

Ẹnì kejì rẹ nígbà gbogbo,

Seipone
(Rédíò)